Obìnrin náà ń bá ọmọdé ṣèṣekúṣe: àṣìrò pé wọn kì í ṣe é ló ń pa ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin lẹ́nu mọ́

Ní ọ̀sán Sátidé kan, níbi tí mo ti lọ gẹrun n'Ìbàdàn, ọkùnrin kan ń sọ ìtàn ìgbà èwe rẹ̀. Ó ní ọmọ ọdún 9 lòun nígbà tí ọmọbìnrin àgbà kan tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ ìyá òun máa ń pe òun wọ yàrá, tí á sì ti ilẹ̀kùn. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Àwa tó wà níbẹ̀ náà rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan tilẹ̀ ní, "Ẹ̀yin tètè dọkùnrin o!"

Mo bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ká ní àbúrò yín obìnrin ló jẹ́ ọmọ ọdún 9, tó wá jẹ́ géńdé ọkùnrin ló ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn ńkọ́?" Ẹ̀rín dá. Ó wo ara rẹ̀ nínú dígí fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí."

Ìgbàgbọ́ tó wà nídìí ẹ̀rín yẹn ni pé obìnrin ò lè fipá bá èèyàn lò, àti pé bí àgbàlagbà obìnrin bá bá ọmọdékùnrin ṣèṣekúṣe, oríire ló bá ọmọ náà. Irọ́ gbuu ni.

Kò ṣòro láti mọ ibi tó ti wá. Ìyá ni wúrà lọ́dọ̀ wa. Ọwọ́ obìnrin là ń fọmọ lé: màmá àgbà, àǹtí, ọmọ ọ̀dọ̀, tísà jẹ́lé-ó-sinmi. Wọ́n ń wẹ̀ fún un, wọ́n ń wọṣọ fún un, wọ́n ń bá a sùn lórí ẹní kan náà. Púpọ̀ jù lọ nínú wọn ò ní ibi kankan lọ́kàn, ẹ má ṣì mí gbọ́. Àmọ́ èyí tó bá ní in lọ́kàn, ta ló máa fura sí i?

Ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń hu ìwà yìí, n ò ní fi ọ̀rọ̀ obìnrin bo tiwọn mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n Franca Cortoni, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ní Yunifásítì Montréal ní Kánádà, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àkọsílẹ̀ orílẹ̀-èdè 12 jọ, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2017. Nínú ìwé àwọn ọlọ́pàá, obìnrin ò ju nǹkan bí 2 nínú 100 àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn irú ọ̀ràn yìí kàn. Nígbà tí wọ́n wá gbọ́ tẹnu àwọn tí wọ́n ṣe é fún, ó di nǹkan bí 12 nínú 100. Ẹ bi ara yín léèrè ibi tí ìyókù wọlé sí. Àwọn kan ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn mìíràn sọ ọ́, wọ́n fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

Bí ẹ bá gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀, ẹ máa gbọ́ pé, "Tí kò bá wù ú, kí ló dé tí nǹkan rẹ̀ dìde?" Ara kì í gbàṣẹ lọ́wọ́ ọkàn kó tó ṣe tirẹ̀. Ẹni tó ń rẹ́ àlùbọ́sà, omi á bọ́ lójú rẹ̀, kò sì ṣọ̀fọ̀ ẹnikẹ́ni. Nǹkan ọkùnrin lè dìde nítorí ọwọ́ tó kàn án, nítorí ẹ̀rù, tàbí lójú oorun lásán. Kò túmọ̀ sí pé ó gbà. Ohun tó ń jẹ ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ́kàn jù nìyẹn, pé ara àwọn da àwọn, torí náà wọn ò lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Irú obìnrin wo ló wá ń ṣe é? A máa ń fẹ́ kó jẹ́ wèrè, tàbí kó jẹ́ ọkùnrin kan ló ń tì í lẹ́yìn. Ní Minnesota, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1989, Ruth Mathews, Jane Matthews àti Kathleen Speltz kọ̀wé nípa obìnrin 16 tó hu ìwà yìí. Lóòótọ́, ọkùnrin ló fipá mú àwọn kan wọ̀ ọ́. Ẹ̀rù pé ó lè já àwọn sílẹ̀ ló jẹ́ kí wọ́n gbà. Àwọn mìíràn ti jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ láti kékeré, ọmọ inú ẹbí wọn ni wọ́n sì wá ń fi jẹ. (Ọ̀pọ̀ ẹni tó jẹ irú ìyà yìí ni kò fi jẹ ẹnikẹ́ni láéláé, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi ṣàwíjàre.) Irú kẹta ló ń bà mí lẹ́rù jù: tísà, tàbí ẹni tọ́mọ fọkàn tán, tó ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ìfẹ́ ni, pé ọmọ náà gbọ́n ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ, pé òun ń kọ́ ọ ni. Kò wo ara rẹ̀ bí ọ̀daràn. Àwọn olùwádìí tó tẹ̀ lé wọn ti tún ìpín yìí tò, àmọ́ ẹni tó ń pe ìṣekúṣe ní ìfẹ́ kò kúrò ńbẹ̀.

Nínú Criminal Code àtijọ́, ìyẹn ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ní Nàìjíríà, obìnrin tàbí ọmọbìnrin nìkan ni wọ́n lè fipá bá lò. Òfin VAPP ti 2015, tó ka híhu ìwà ipá sí èèyàn léèwọ̀, kọ ọ́ pé ẹni tó ṣe é lè jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Ní ti ọmọdé, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 kò fi igbá kan bọ̀kan nínú: ẹnikẹ́ni tó bá bá ọmọ tí kò tíì pé 18 lò, ẹ̀wọ̀n gbére ni, kò sì sí pé ọmọ náà gbà. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà lọ́dún 2014 fi hàn pé ọmọkùnrin 1 nínú 10 ti rí ìwà ipá ìbálòpọ̀ kó tó pé 18.

Nítorí náà, bí ọmọkùnrin yín bá dédé kọ̀ kí ẹnì kan wẹ̀ fún òun, ẹ má nà án. Ẹ mú un jókòó, ẹ bi í, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó sọ ọ́ tán kẹ́ ẹ tó lanu. Ẹ má sọ fún un pé ọkùnrin kì í sunkún.

Ọkùnrin yẹn tẹ̀ lé mi jáde lọ́jọ́ náà. Ó ní títí dòní, òun kì í lè sùn nínú yàrá tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìyàwó òun máa ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ẹ̀, òun náà á sì bá a rẹ́rìn-ín.