Septic cardiomyopathy: ọkàn tí kò lárùn tẹ́lẹ̀, kí ló wá rẹ̀ ẹ́?

Ẹnì kan á dé ọsibítù torí nìmóníà tàbí egbò tó ti kẹ̀, kò lárùn ọkàn rí láyé ẹ̀, kó tó dọjọ́ kejì dókítà á ní ọkàn ẹ̀ ò ti ẹ̀jẹ̀ jáde dáadáa mọ́. Ojú ẹsẹ̀ làwọn ẹbí á rò pé òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn ẹ̀ ló dí. Kò dí o, nǹkan tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń da ọkàn láàmú, òun ni wọ́n ń pè ní septic cardiomyopathy.

Tí kòkòrò àrùn bá ti gba ara kan, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara máa ń tú àwọn pùròtéènì kan sẹ́jẹ̀ láti fi ké sáwọn yòókù pé ogun ti dé, TNF-alpha àti interleukin-1 ló lókìkí jù nínú wọn. Tó bá mọ níwọ̀n, ó dáa. Àmọ́ nínú sepsis, ìyẹn tí ìjà tí ara ń bá kòkòrò àrùn jà bá ti ń ṣe ara fúnra ẹ̀ léṣe, ó máa ń pọ̀ kọjá bó ṣe yẹ, ẹ̀jẹ̀ yẹn náà ló sì ń gba ọkàn kọjá, ni calcium tí ẹran ọkàn fi ń sún kì ò bá ní ṣiṣẹ́ ẹ̀ dáadáa mọ́, ọkàn á wá fẹ̀, á dẹ̀.

Èyí tó wù mí jù nibẹ̀ rèé: ní 1985, dókítà Parrillo àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní NIH, iléeṣẹ́ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, gba omi ojú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí septic shock (sepsis tó le débi pé BP já wálẹ̀) ń bá fínra, wọ́n dà á sórí sẹ́ẹ̀lì ọkàn ọmọ eku tó ń lù fúnra ẹ̀ nínú àwo, lílù yẹn bá lọ sílẹ̀. Wọ́n tún gba tàwọn èèyàn yẹn náà nígbà tára wọn ti yá, kò ṣe sẹ́ẹ̀lì yẹn ní nǹkan kan! Nígbà tó di 1996 wọ́n yọ TNF àti interleukin-1 kúrò nínú omi yẹn, kò rí ọkàn gbéṣe mọ́.

Ẹ má jẹ́ kí ejection fraction nìkan tàn yín ṣá, ìyẹn ìdá ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tì jáde lẹ́ẹ̀kan, tẹ́ni tára ẹ̀ le sábà máa ń tó 55% sókè. Àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ máa ń dẹ̀ nínú sepsis, ọkàn ò rí nǹkan kan tì lé, nọ́ńbà yẹn lè dáa lójú síkáànù kí ọkàn sì ti rẹ̀.

Ẹni tó bá yè é, ọkàn ẹ̀ sábà máa ń padà sípò láàárín ọjọ́ 7 sí 10. Wọ́n ti gbìyànjú oògùn tó ń dí TNF fáwọn alárùn sepsis, kò jọ bí wọ́n ṣe rò, torí náà àntíbáyótíìkì tó tètè wọlé, dírípù, àti norepinephrine tó ń gbé BP dúró lọwọ́ wọn ṣì wà.