Sítáǹpù Tí Òǹtẹ̀ Fò: Ta Ló Ni Owó Inú Rẹ̀?

Bí lẹ́tà bá dé láti Lọ́ńdọ̀nù tí sítáǹpù orí rẹ̀ mọ́ tónítóní, tí òǹtẹ̀ iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ kankan kò kàn án, ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn ni pé àwọn ti rí nǹkan he. Wọn á rẹ ẹ́ sómi, wọn á sá a gbẹ, wọn á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ lẹ́tà mìíràn. Àwíjàre wọn ò ju ẹyọ kan lọ: wọn kò tíì fi òǹtẹ̀ pa á, torí náà ó ṣì dára. Ọ̀rọ̀ yìí kò tọ̀nà rárá, ibi tó sì ti ṣìnà gan-an ni ọgbọ́n iṣẹ́ sítáǹpù wà.

Ẹ̀rí ni sítáǹpù, pé ẹnì kan ti san owó sílẹ̀ kí wọ́n bá a gbé lẹ́tà kan, lẹ́ẹ̀kan péré. Nígbà tí lẹ́tà náà bá ti dọ́wọ́ ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí, owó yẹn ti tán. Ìrìn lẹ́tà ló ná an. Òǹtẹ̀ kàn ń jẹ́rìí sí i ni, bí ẹlẹ́rìí kò bá sì wá sí kóòtù, ìyẹn ò ní kí ohun tó ṣẹlẹ̀ máà ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo òde ìnáwó kan tí olówó ayẹyẹ ti fún gbogbo ẹni tó ra aṣọ ẹbí ní táálì oúnjẹ. Ẹni tó ń pín oúnjẹ gbé àmàlà síwájú àlejò, ọwọ́ rẹ̀ kún, ó gbàgbé láti gba táálì. Àlejò jẹ, ó yó, táálì ṣì wà nínú àpamọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé àwo kejì wá tọ́ sí i? Iye táálì tí wọ́n tẹ̀ ni wọ́n fi mọ iye ẹran tí wọ́n máa sè. Bí ogún èèyàn bá gbé táálì tí wọ́n gbàgbé padà wá, ogún àlejò ní tábìlì ẹ̀yìn ni yóò jókòó ti omi tútù. Kò sẹ́ni tó máa ṣe bẹ́ẹ̀ lójú olówó ayẹyẹ kí ojú má tì í. Tó bá wá jẹ́ pé iléeṣẹ́ ńlá ló ni ìkòkò, ojú kì í ti àwọn èèyàn mọ́, ìyẹn kò sì sọ ohun tí wọ́n ṣe di ẹ̀tọ́.

Ìbéèrè tó yẹ ká máa bi sítáǹpù ni pé: ṣé lẹ́tà rẹ rìn? Bó bá jẹ́ pé wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ àpòòwé tí wọn kò fi ránṣẹ́ rí, owó rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ pé, kò sí ohun tó burú nínú kí wọ́n gé e lọ sára òmíràn. Bákan náà ni sítáǹpù àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kò lò rí. Ní Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n tẹ̀ láti ọdún 1861 ṣì ń gbé lẹ́tà títí dòní. Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n sọ di òfo, torí nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù tó ya kúrò.

Òfin Amẹ́ríkà tó kan ọ̀rọ̀ yìí, abala 1720 nínú ìwé 18 òfin ìjọba àpapọ̀, dárúkọ sítáǹpù tí wọ́n ti pa, ó sì dárúkọ ẹni tó bá nu òǹtẹ̀ kúrò kó lè tún un lò. Owó ìtanràn ni tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún kan lọ. Ó lè tó ọdún mẹ́ta fún òṣìṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń wá ihò lára òfin máa ń dúró sí, wọ́n á ní èyí tí wọn kò pa kò sí níbẹ̀. Wọn kì í ka ìwé ìlànà iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ibẹ̀, tó sọ pé ìjìyà wà fún ẹni tó bá tún sítáǹpù lò pẹ̀lú èrò láti fi owó du iléeṣẹ́ náà. Èrò ọkàn ni ìlànà yẹn ń wò. Ní England, Òfin Jìbìtì ọdún 2006 ka irọ́ tí èèyàn fi ń wá èrè sí jìbìtì, ó sì fi kún un pé bó bá jẹ́ ẹ̀rọ tí kò sí èèyàn nídìí rẹ̀ ni wọ́n parọ́ náà fún, irọ́ ṣì ni. Ẹni tó ju lẹ́tà sínú àpótí pupa kò lè sọ pé òun kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Ibi tó dùn jù nínú ìtàn yìí ni ogun tó wà láàárín tàdáwà àti àwọn tó ń nù ún kúrò. Ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún ọdún 1840 ni Penny Black, sítáǹpù àkọ́kọ́ lágbàáyé, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Britain. Dúdú ni, tàdáwà pupa ni wọ́n sì fi ń pa á, ní àwòrán àgbélébùú Málítà. Pupa kò hàn dáadáa lórí dúdú, ó sì rọrùn láti fọ̀ kúrò. Kò pé ọdún kan tí wọ́n fi dojú rẹ̀ délẹ̀: ní oṣù kejì ọdún 1841, sítáǹpù di pupa, òǹtẹ̀ di dúdú.

Àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ kò dúró. Wọ́n ń gé apá tó mọ́ lára sítáǹpù méjì tí wọ́n ti lò, wọ́n á lẹ̀ wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan. Èsì tí wọ́n fún wọn wà fún ẹnikẹ́ni tó bá mú sítáǹpù ìgbà náà sún mọ́jú: láti ọdún 1858, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi lẹ́tà alífábẹ́ẹ̀tì sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ti ìsàlẹ̀ bá jẹ́ A B, ti òkè gbọ́dọ̀ jẹ́ B A. Ẹni tó bá so òkè ọ̀kan mọ́ ìsàlẹ̀ òmíràn, lẹ́tà inú rẹ̀ kò ní bára mu. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lo tàdáwà tó ń ṣí bí omi bá kàn án, ó wà lára sítáǹpù aláwọ̀ àlùkò ọdún 1881. Bó o bá fẹ́ fọ òǹtẹ̀, sítáǹpù fúnra rẹ̀ ló máa fọ̀ lọ.

Amẹ́ríkà gba ọ̀nà míì. Láti ọdún 1867, wọ́n ń fi ẹ̀rọ tí Charles Steel ṣe tẹ egbò wẹ́wẹ́ sára sítáǹpù kí okùn inú bébà lè já, kí tàdáwà òǹtẹ̀ lè mu wọnú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fi ní lè nù ún. Wọn kò lò ó pẹ́. Ẹyọ méjì péré ni wọ́n mọ̀ pé ó ṣẹ́kù nínú sítáǹpù sẹ́ǹtì kan tó ní irú egbò tí wọ́n ń pè ní Z, ó sì wà lára sítáǹpù tó wọ́n jù lọ ní Amẹ́ríkà.

Nígbà tí ẹ̀rọ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èèyàn ni sítáǹpù wá ń bọ́ lọ́wọ́ òǹtẹ̀. Wọ́n fi èròjà tó ń tàn lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ pàtàkì sára sítáǹpù, ẹ̀rọ á fi mọ ibi tó wà, á yí lẹ́tà síbi tó yẹ, á lu òǹtẹ̀ lé e. Bí lẹ́tà méjì bá lẹ̀ mọ́ra wọn, ti abẹ́ á yọ. Káàdì tó nípọn àti àpòòwé ńlá kì í gba ibẹ̀ kọjá, ọwọ́ ni wọ́n ní láti fi pa wọ́n, lásìkò Kérésìmesì tí ẹrù pọ̀ bí òkè, ọwọ́ á fo púpọ̀.

Àléébù kan ṣoṣo ló wà nídìí gbogbo rẹ̀: ẹ̀rí pé wọ́n ti ná owó náà wà lọ́wọ́ ẹni tó máa jèrè bí ẹ̀rí bá pa rẹ́. Ní ọdún 2009, Royal Mail, iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Britain, gé ojú ọgbẹ́ oníkọ́dọrọ́ sára sítáǹpù kó lè ya bí wọ́n bá ń bó o. Ọgbọ́n gidi ni, ṣùgbọ́n ara bébà náà ni ẹ̀rí ṣì wà. Ọdún 2022 ni wọ́n tó mú ẹ̀rí kúrò lára bébà, nígbà tí wọ́n fi bákóòdù sí sítáǹpù tó ní àwòrán orí ọba tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́. Nọ́ńbà ẹyọ kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, bí ẹ̀rọ bá ti kà á, ó wọ ìwé lọ́dọ̀ wọn. Bó tilẹ̀ mọ́ tónítóní, wọ́n mọ̀ pé ó ti rìn. Èyí tí kò ní bákóòdù nínú irú yẹn kò ṣiṣẹ́ mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù keje ọdún 2023.

Èmi gbà pé àtúnṣe tó dára jù lọ látọdún 1841 nìyí. Ohun tí kò dára níbẹ̀ ni pé fún ìgbà díẹ̀, bí ẹ̀rọ bá sọ pé ayédèrú ni sítáǹpù, ẹni tí lẹ́tà dé bá ni wọ́n ń gba pọ́n-ùn márùn-ún lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tí kò mọ ibi tí wọ́n ti rà á. Awuyewuye pọ̀ lórí rẹ̀, wọ́n sì dá a dúró ní ọdún 2024.

Sítáǹpù alárà tí wọ́n ṣe fún ìrántí àti ti Kérésìmesì tí kò ní bákóòdù ṣì ń gbé lẹ́tà ní Britain. Lórí àwọn yẹn, tàdáwà nìkan ni ẹ̀rí, ìdí nìyẹn tí òṣìṣẹ́ tó ń pín lẹ́tà fi máa ń fa bírò lé èyí tí òǹtẹ̀ fò kó tó jù ú sẹ́nu ọ̀nà. Inú àwọn tó ń kó sítáǹpù jọ kì í dùn sí bírò yẹn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe.