Ìjà Òfin Ló Bí Ìwé Àwọn Nọ́ọ̀sì

Ní wọ́ọ̀dù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní Àkúrẹ́, ìwé àtìgbàdégbà àwọn nọ́ọ̀sì kan wà lórí tábìlì wa tí etí rẹ̀ ti ká. Ojú ewé tó sọ ti egbò àti oògùn ti dọ̀tí fún ìka. Èyí tó sọ ti òfin àti ètò ìlera ìjọba ṣì mọ́ tónítóní. “Òṣèlú nìyẹn, mà,” ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń wí. Ó máa ń dùn mí, nítorí ìjà òfin gan-an ló sọ irú ìwé yìí di ohun tó dà.

Lọ́dún 1888, nígbà tí Nursing Record, ìwé àtìgbàdégbà àwọn nọ́ọ̀sì, bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní London, ẹni tó bá wù ló lè wọṣọ funfun kó ní nọ́ọ̀sì lòun. Kò sófin tó dè é. Nígbà tí ìwé náà bọ́ sọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Ethel Bedford Fenwick lọ́dún 1893, ohun kan ló ń tẹnu mọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: kí ìjọba forúkọ nọ́ọ̀sì tó kọ́ṣẹ́ yanjú sílẹ̀. Florence Nightingale pàápàá, ìlúmọ̀ọ́ká nọ́ọ̀sì ìgbà náà, takò ó. Lójú tirẹ̀, ìdánwò kò lè wọn ìwà nọ́ọ̀sì. Òótọ́ wà níbẹ̀, ìwà ṣe kókó. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gba ẹjọ́ aláìsàn tí aláìmọ̀ṣẹ́ ṣe léṣe rò? Wọ́n gbé àbá òfin lọ sílé aṣòfin, ó já. Wọ́n tún gbé e lọ, ó tún já. Ìparí ọdún 1919 ló tó di òfin. Orúkọ Fenwick ló ṣáájú nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ náà.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn nọ́ọ̀sì fowó ara wọn dá American Journal of Nursing sílẹ̀ lóṣù October 1900. Sophia Palmer, olóòtú rẹ̀ àkọ́kọ́, ń kọ ọ̀rọ̀ òfin sí i léraléra, títí ìpínlẹ̀ New York fi ṣe òfin ìforúkọsílẹ̀ tirẹ̀ lọ́dún 1903.

Ní tiwa, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Nàìjíríà dé lọ́dún 1947.

Ìtòsí wa níbí, ní Ìfẹ́dọ̀rẹ́, ni ètò Abíyè ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2009: nígbà náà, òṣìṣẹ́ ìlera ń gun alùpùpù lọ bá aboyún nílé, aboyún sì ní fóònù tó lè fi pè é. Ọwọ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí la fi gba àwọn ọmọ náà. A mọ ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, a mọ ibi tó kù díẹ̀ káàtó. Ẹnu la fi ń sọ ọ́, láàárọ̀, nígbà tí a bá ń fa wọ́ọ̀dù lé ara wa lọ́wọ́.

Lálẹ́ àná, akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣí ojú ewé tó mọ́ yẹn, ó kà á dé ìsàlẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé àwọn olóòtú ìwé yìí á gba tiwa náà bí a bá kọ ọ́?”

Mo na bíírò sí i.