Ọ̀gá Tó Mú Mọ́ọ̀pù Lọ́wọ́

Ìjókòó 10 àti tábìlì 4 péré ló wà nínú Dwarf Grill, ilé oúnjẹ tí Truett Cathy àti arákùnrin rẹ̀, Ben, ṣí ní Hapeville, lẹ́bàá Atlanta, lọ́dún 1946. Tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń tajà. Kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó parí, ó ti rẹ̀ wọ́n tẹnutẹnu, ni wọ́n bá ti ìsọ̀ pa lọ́jọ́ Àìkú. Kristẹni ni wọ́n, ìgbàgbọ́ wọn wà ńbẹ̀, ṣùgbọ́n àárẹ̀ náà wà ńbẹ̀. Ta ló tún máa ṣàlàyé fún ọ̀gá tó ń dúró nídìí iná fúnra rẹ̀ pé òṣìṣẹ́ ń fẹ́ ìsinmi? Ìsọ̀ yẹn ló bí Chick-fil-A, iléeṣẹ́ ilé oúnjẹ tí kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú títí dòní.

Àṣà kí ọ̀gá máa sin ọmọ iṣẹ́ ò tíì lórúkọ nígbà yẹn. Ẹni tó sọ ọ́ ní "servant leadership" kì í ṣe olóúnjẹ rárá. Robert Greenleaf ni, ẹni tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ní AT&T, iléeṣẹ́ tẹlifóònù, lọ́dún 1964. Ó ka ìtàn àròsọ kan tí Hermann Hesse kọ, nípa àwọn arìnrìn-àjò àti Leo, ìránṣẹ́ wọn. Ọjọ́ tí Leo pòórá ni ìrìnàjò dàrú. Ẹ̀yìn-ọ̀-rẹyìn ló hàn pé òun gan-an ni olórí ẹgbẹ́ náà. Lọ́dún 1970, Greenleaf gbé èrò rẹ̀ jáde. Ó ní ká wo àwọn tí à ń darí: ṣé wọ́n ń gbọ́n sí i, ṣé àwọn náà á fẹ́ sin ẹlòmíì?

Dave Thomas, tó dá iléeṣẹ́ ilé oúnjẹ Wendy's sílẹ̀ ní Columbus, Ohio, lọ́dún 1969, ò fi gígùn ṣe é. Nínú ìròyìn ọdọọdún iléeṣẹ́ náà ti 1989, ó ya fọ́tò pẹ̀lú épírọ́ọ̀nù lára, mọ́ọ̀pù àti korobá lọ́wọ́. Oyè ìmọ̀ okòwò ni M.B.A. táwọn èèyàn mọ̀, ṣùgbọ́n tòun, ó ní, Mop Bucket Attitude ni: ẹ̀mí ẹni tí kò ka iṣẹ́ kankan sí ẹ̀gbin. Èmi ì bá ní fọ́tò lásán ni, àmọ́ láti ọmọ ọdún 12 ni ọkùnrin yìí ti ń ṣiṣẹ́ nílé oúnjẹ.

Kò parí ilé ìwé girama. Ó wá ń bà á lẹ́rù pé àwọn ọ̀dọ́ á fi òun kẹ́wọ́. Nígbà tó ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún, ó padà lọ kàwé, ó sì gba ìwé ẹ̀rí lọ́dún 1993. Àwọn ọmọ kíláàsì náà dìbò pé nínú gbogbo wọn, òun ló jọ pé yóò rọ́wọ́ mú jù.