Odò Ọya ló bí ọkọ̀ kékeré Néfì, kì í ṣe ọ̀sà Èkó

Bí ẹ bá ti dárúkọ Néfì fún ọmọ Èkó, ìka rẹ̀ á nà sí Àpápá. Á ní ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, pé àwa ará òkè níbí ò mọ̀ ju ẹja ọjà Kpata lọ. Èmi ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀, tí ilé bàbá mi ò jìnnà sí ibi tí Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé ní Lọ́kọ́ja, ò lè gba bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ńlá tó ń gbé ìbọn lójú agbami, mo gbà, Èkó ni ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń ṣọ́ odò, tí wọ́n fi ń lé olè epo, tó sì gbọ́dọ̀ rí ibi gbà láàárín iyanrìn lóṣù Ẹrẹ́nà, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń rà á àti bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbé e látòkèèrè. Lọ́dún 1987, darandaran Fúlàní kan ń gbẹ́ kànga lábúlé Dufuna, nípìnlẹ̀ Yobe, kò jìnnà sí odò Komadugu Gana, ni ohun tó fi ń gbẹ́lẹ̀ bá kan igi nísàlẹ̀. Ọkọ̀ agbẹ́ ni igi náà. Ó gùn tó mítà 8 àti díẹ̀, àwọn onímọ̀ sì ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀ sí nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 8 ọdún. Nínú gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n tíì rí nílẹ̀ Áfíríkà, òun ló dàgbà jù. Damaturu ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí. Ẹ wo bí wọ́n ṣe gbẹ́ iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ kí omi má bàa di í lọ́wọ́: ẹni tó ṣe é kì í ṣe ọmọ iṣẹ́. Ó ní ọ̀gá, ọ̀gá rẹ̀ náà ní ọ̀gá. Lójú tèmi, irú igi bẹ́ẹ̀, wọn ò gé e lulẹ̀ fún eré. Ẹnìkan ló bẹ iṣẹ́, ẹnìkan ló gbà á, ẹnìkan ló wá wò ó bóyá ó jò kó tó sanwó, ohun yòówù tí wọ́n ń ná nígbà náà. Ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ agbaṣẹ́ṣe nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Èkó.

Ẹ bọ́ sọ́dọ̀ Tápà wàyí. Ìtàn wọn ní Tsoede, tí àwọn míì ń pè ní Édégì, sá kúrò ní Ìdá nínú ọkọ̀ idẹ, ó tọ odò lọ sókè, àwọn tó ń lé e wà lẹ́yìn, ó fi ara pamọ́ sínú ẹsẹ̀ odò kan títí wọ́n fi kọjá, ó sì ti ibẹ̀ lọ dá ìjọba Tápà sílẹ̀. Ẹ lè ní idẹ ò lè léfòó. Irin náà ńkọ́, tí òyìnbó fi ń kan ọkọ̀ lónìí? Ohun tí mo rí nínú ìtàn yìí ni pé lójú odò wa, ẹni tó bá ní ọkọ̀ tó dára jù ló ń jọba.

Àwọn Kede, ìyẹn Tápà tó ń gbé ojú omi, ló sì fi èyí ṣe ìjọba gidi. Olórí wọn, Kuta, jókòó sí Muregi níbi tí odò Kaduna ti wọ Ọya. Ó fi àwọn ìjòyè rẹ̀ sí àwọn ibùdókọ̀ lókè odò àti nísàlẹ̀, kí wọ́n máa gba owó ibodè, kí wọ́n máa mójú tó ọkọ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀. Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ètò yẹn àti àwọn ibùdó etí odò tí Néfì ń lò lónìí? Èmi ò rí i.

Kí n tó kúrò níbẹ̀: àwa Yorùbá ò pe odò yìí ní Niger. Odò Ọya ni. Àwọn àgbà ní nígbà tí Ṣàngó wọlẹ̀, ìyàwó rẹ̀ yìí náà wọlẹ̀, ó di odò, Irá ni ọ̀pọ̀ ìtàn sì dárúkọ. Ìyá Ṣàngó fúnra rẹ̀, Tápà ni. Ẹni tó bá ti tukọ̀ lórí odò yìí rí á mọ̀ pé obìnrin náà ṣì ń bínú. Ibi tí omi jìn lọ́dún yìí, iyanrìn ni lọ́dún tó ń bọ̀. Oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ sí Ọ̀wàrà ni omi ń kún dé etí ilé ní Lọ́kọ́ja, tó bá wá di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọmọdé á fẹsẹ̀ rìn lórí iyanrìn tó yọ láàárín odò. Ohun tí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè nìyí, kó tó béèrè iye owó.

Àwọn Ìjọ, tí òyìnbó ń pè ní Ijaw, ní ọkọ̀ ogun, a gbọ́. Àwọn ará ọ̀sà náà ní tiwọn, Kòsọ́kọ́, tó jọba Èkó nígbà kan, fi jà dáadáa. Ṣùgbọ́n ta ni balógun Kòsọ́kọ́? Oshodi Tápà. Orúkọ rẹ̀ ti sọ ibi tó ti wá, mi ò ní fi kún un.

Ọkọ̀ ọba òyìnbó àkọ́kọ́ tó wọ odò yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Lọ́dún 1805, Mungo Park dé Sansanding, lókè Ọya lọ́hùn-ún, níbi tó di Mali lónìí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó bá a wá ti kú, owó ti ń tán, ó sì fẹ́ ọkọ̀. Mansong ọba Segu ló fún un ní ọkọ̀, ìdajì rẹ̀ ti jẹrà. Wọ́n tún wá ọkọ̀ míì, ìdajì èyí náà ti bàjẹ́. Park àti sójà kan, Abraham Bolton, gé ibi tó jẹrà kúrò lára méjèèjì, wọ́n so ìdajì tó dára pọ̀. Ọjọ́ 18 ni wọ́n fi ṣe é. Ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 40, ó fẹ̀ ní 6, abẹ́ rẹ̀ tẹ́jú, tí wọ́n bá sì di ẹrù sí i tán, ẹsẹ̀ bàtà kan péré ló ń rì sínú omi. Park wá fún un lórúkọ: His Majesty's Schooner Joliba. Joliba ni orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pe odò.

Àwọn tó ń kọ̀tàn máa ń fi èyí rẹ́rìn-ín, pé igi jíjẹrà méjì di ọkọ̀ ọba. Èmi ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Gbogbo ohun tó yẹ kí wọ́n wò nígbà tí wọ́n bá ń ra ọkọ̀ kékeré ló wà nínú ìwé tí Park kọ sílé: gígùn, fífẹ̀, bí abẹ́ ṣe rí, iye tó ń rì sínú omi, iye ọjọ́ iṣẹ́, orúkọ ẹni tó ṣiṣẹ́. Mo ti rí ìwé ìnáwó ìjọba tí kò ní ìdajì èyí. Joliba sì gbé wọn láti ibẹ̀ dé Bussa, nípìnlẹ̀ Niger wa yìí, kó tó di pé ó kọ lu wàhálà láàárín òkúta, tí Park sì kú lọ́dún 1806. Omi Kainji ti bo Bussa àtijọ́ báyìí. Lọ́dún 1830, Richard Lander àti àbúrò rẹ̀ John bẹ̀rẹ̀ láti Bussa yẹn kan náà, wọ́n wọ ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ti àwọn ará ibẹ̀, ó sì gbé wọn dé etí òkun. Ọkọ̀ wa ló ṣe ohun tí ọkọ̀ òyìnbó ò tíì lè ṣe.

Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn ni Macgregor Laird kó ọkọ̀ elérò-iná méjì wá. Quorra tóbi, igi ni. Alburkah kéré, ẹsẹ̀ bàtà 70 ni gígùn rẹ̀, irin ni, òun sì ni ọkọ̀ onírin àkọ́kọ́ tó la òkun kọjá. Èwo ló há? Quorra ni. Ó gúnlẹ̀ sórí iyanrìn nítòsí ibi tí odò méjèèjì ti pàdé, ìyẹn ní ẹ̀yìnkùlé wa, ó sì dúró síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù títí omi fi kún. Alburkah ń lọ, ó ń bọ̀. Nínú òyìnbó 48 tó wá, mẹ́sàn-án péré ló padà sílé.

Ó jọ pé wọ́n gbọ́ èdè odò díẹ̀, torí nígbà tí ìjọba òyìnbó fúnra rẹ̀ fẹ́ ra ọkọ̀ fún ìrìn-àjò 1841, wọ́n ní kí ilé iṣẹ́ Laird kan mẹ́ta pẹ̀lú irin, Albert, Wilberforce àti Soudan. Abẹ́ wọn tẹ́jú, wọ́n sì ní igi tó ń mú ọkọ̀ dúró ṣinṣin, tí wọ́n lè fà sókè níbi tí omi bá ti fà, kí wọ́n sọ ọ́ sílẹ̀ lójú òkun. Ọmọ Ọ̀ṣoògùn kan wà nínú ìrìn-àjò náà, Àjàyí Crowther. Àárẹ̀ ibà ló bà á jẹ́ fún wọn. Nígbà tí Albert ń padà bọ̀ láti Egga, ìlú Tápà kan létí odò, àwọn atọ́kọ̀ àti àwọn ẹlẹ́ńjìnnì ti dùbúlẹ̀ àìsàn. Dókítà McWilliam ló ń tọ́ ọkọ̀, Dókítà Stanger, tó wá torí ìmọ̀ òkúta, ló ṣí ìwé tó kọ́ni nípa ẹ́ńjìnnì, ó ń kà á, ó sì ń fi í mú ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́. Mo máa ń rántí èyí bí mo bá gbọ́ pé wọ́n ra ọkọ̀ tuntun láìfi mẹkáníìkì kankan kọ́ṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní owó ọkọ̀, wọn ò ní ẹni tí yóò mú un ṣiṣẹ́.

Lọ́dún 1854, Baikie, dókítà Néfì òyìnbó, wọ Pleiad wá pẹ̀lú oògùn kuinín, kò sì sí òyìnbó kan tó kú. Lọ́dún 1857, ó tún wọ Dayspring wá. Lóṣù Ọ̀wàrà ọdún yẹn, ọkọ̀ náà kọ lu òkúta nítòsí Jẹ́bà, ó fọ́. Crowther wà nínú ìrìn-àjò méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni ọ̀gá Néfì kan tó wà nínú Dayspring, John Hawley Glover. Nígbà tí kò sí ọkọ̀ mọ́, Glover fẹsẹ̀ rìn gba Ìlọrin àti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Èkó. Àwọn Hausa tó sá lóko ẹrú bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e. Àwọn ló wá fi ṣe ẹgbẹ́ ọmọ ogun ní Èkó, iléeṣẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀ Nàìjíríà sì ń ka ìpilẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ láti 1863 sídìí wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ kékeré kan tó fọ́ ní Jẹ́bà ṣe bí àwọn sójà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ Èkó bóyá wọ́n kọ́ ọ ní iléèwé.

Baikie ò padà. Ó tẹ̀dó sí Lọ́kọ́ja, ibẹ̀ sì di ibi ìgúnlẹ̀ ọkọ̀. Nígbà tí Royal Niger Company, ilé iṣẹ́ oníṣòwò òyìnbó, gba ìwé àṣẹ lọ́dún 1886, ọkọ̀ odò ni agbára wọn. Lóṣù Ṣẹrẹ 1897, àwọn ọmọ ogun Tápà dó sí Kábà, wọ́n ń fi ojú àwọn bàbá wa rí màbo. Ohun tí ilé iṣẹ́ náà ṣe ni pé wọ́n fi ọkọ̀ wọn dí ojú odò, kí àwọn tó wà ní apá Kábà má lè sọdá lọ gbèjà Bídà. Bí ogun Bídà ṣe pín sí méjì nìyẹn, tí ìlú náà fi ṣubú. Mi ò yin Goldie, ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà o, oníṣòwò ni, ṣùgbọ́n àwọn ará Kábà mọ ohun tí ọkọ̀ kékeré ṣe fún wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá já sí nìyí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹrẹ ọdún 1900, wọ́n ta àsíá ní Lọ́kọ́ja, Lugard gba àkóso, ìjọba sì san £865,000 fún ilé iṣẹ́ náà. Ọdún yẹn ni wọ́n dá Northern Nigeria Marine sílẹ̀. Olú ilé rẹ̀ wà ní Lọ́kọ́ja, pẹ̀lú dọ́kìyáàdì tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Láti ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń gba Kaduna lọ dé Barijuko, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrù sínú ọkọ̀ ojú irin kékeré lọ sí Zungeru tó jẹ́ olú ìlú. Tí wọ́n bá fẹ́ ọkọ̀ tàbí ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì, àwọn Crown Agents ní London ni wọ́n ń kọ̀wé sí, àwọn ló ń bá àwọn akànkọ̀ dúnàádúrà. Ìwé a máa pẹ́, ẹ̀yà a sì máa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí tí dọ́kìyáàdì fi gbọ́dọ̀ wà nílé nìyẹn: ẹni tí kò lè tún un ṣe fúnra rẹ̀ á kàn máa wo odò. Lọ́dún 1904, Boyd Alexander, ọ̀gá sójà òyìnbó kan, gbéra láti Lọ́kọ́ja yìí pẹ̀lú ọkọ̀ irin tó ṣeé tú sí wẹ́wẹ́, níbi tí odò ò bá ti gbà á, àwọn èèyàn á gbé e lérí, títí ó fi dé Adágún Chad.

Mo mọ̀ pé wọ́n dá Lagos Marine sílẹ̀ lọ́dún 1887, Néfì fúnra rẹ̀ sì ń kà á sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa kà á. Iṣẹ́ èbúté àti iṣẹ́ gọ́fínnà ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ìyókù ò gbà wá ní àkókò. Lọ́dún 1914, wọ́n pa ti àríwá àti ti gúúsù pọ̀ di Nigerian Marine, ọkọ̀ wọn sì bá wọn jà ní Kamẹrúùnù lọ́dún yẹn kan náà. Lọ́dún 1955, wọ́n pín in: èbúté bọ́ sọ́wọ́ àwọn Ports Authority, odò bọ́ sọ́wọ́ Inland Waterways, apá tó kù di ti ológun. Ọjọ́ kìíní oṣù Òkúdù ọdún 1956 ni Néfì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ 11 àti nǹkan bí èèyàn 200. Apá tó gba odò ló wá di NIWA, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀nà odò, lọ́dún 1997. Lọ́kọ́ja ni olú ilé rẹ̀ wà, ẹ sì mọ ìdí rẹ̀.

Lónìí, Àbújá ni wọ́n ti ń fọwọ́ sí ìwé. Òfin ìrajà ìjọba ọdún 2007 yọ ohun ìjà àti ohun ààbò sílẹ̀ lábẹ́ ìlànà rẹ̀, àfi tí Ààrẹ bá fọwọ́ sí i pé kí wọ́n lò ó. Nípa bẹ́ẹ̀, ohun tí òfin sọ nípa ọkọ̀ aláàbò yàtọ̀ sí tí bírò àti tábìlì. Ọkọ̀ ń wá láti ibi púpọ̀: Manta ti Suncraft, Shaldag láti Ísírẹ́lì, Defender tí Amẹ́ríkà fún wa, tàwọn akànkọ̀ Port Harcourt, àti ọkọ̀ bíi NNS Andoni, tí wọ́n kàn ní dọ́kìyáàdì Èkó, tí wọ́n sì fà lé Néfì lọ́wọ́ lọ́dún 2012. Gbogbo ènìyàn ló ń yin ọ̀pọ̀ orúkọ yìí. Mo lérò pé òun gan-an ni ìṣòro náà. Bí ọkọ̀ mẹ́wàá bá ní ẹ́ńjìnnì mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, sítọ̀ á kún fún ẹ̀yà tí kò bá ọkọ̀ kankan mu. Ilé ẹ̀kọ́ tí Néfì ń fi kọ́ àwọn èèyàn rẹ̀ nípa sítọ̀ àti ìrajà wà ní Dawakin Tofa, nípìnlẹ̀ Kano, mo sì dúpẹ́ pé ó wà lókè níbí. Ibùdó wọn wà ní Baga, lẹ́bàá Adágún Chad, níbi tí kò sí odò tí ọkọ̀ ológun lè gbà dé láti òkun, ọ̀nà ilẹ̀ ni, gẹ́gẹ́ bíi ti Alexander.

Ní Lọ́kọ́ja, wọ́n sọ ibùdó Néfì ní NNS Lugard. Èmi ò fẹ́ràn orúkọ náà. Lugard ò kan ọkọ̀ kankan, kò sì mọ ibi tí iyanrìn wà nínú Ọya. Àwọn Kede mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá tún fẹ́ ra ọkọ̀ mìíràn fún ibùdó yìí, kí wọ́n pe àwọn ọmọ Muregi méjì tàbí mẹ́ta wá sínú yàrá níbi tí wọ́n ti ń kọ ohun tí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ lè ṣe, lóṣù Ẹrẹ́nà, nígbà tí omi ti fà.