Bí Iyọ̀ Inú Omi Kíndìnrín Ṣe Ń Darí Ásíìdì Ara

Nígbà ààwẹ̀ Rámàdánì, pàápàá bí ó bá bọ́ sí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ará Ìlọrin máa ń bi wá bóyá ìtọ̀ wọn tó ń pọ́n ní ìrọ̀lẹ́ jẹ́ àmì pé ásíìdì ti pọ̀ jù lára wọn. Rárá o. Kíndìnrín ló ń ṣọ́ omi lò. Ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ ásíìdì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibì kan wà tí àwọn méjèèjì ti pàdé.

Kíndìnrín kọ̀ọ̀kan ní ọ̀pá tín-ín-rín tó tó 1,000,000, méjèèjì sì ń sẹ́ omi tó tó lítà 180 láti inú ẹ̀jẹ̀ lójúmọ́. Báíkábọ́nétì tó ń pa agbára ásíìdì wà nínú omi náà, kò sì gbọdọ̀ bá ìtọ̀ lọ. Apá àkọ́kọ́ ọ̀pá ń gba nǹkan bí 80 padà nínú 100, nígbà tí apá kan tó nípọn, tó ń gòkè bọ̀ láti inú lọ́hùn-ún kíndìnrín, ń gba bíi 15. Inú lọ́hùn-ún yìí ni iyọ̀ àti yúríà, ìyẹn ìdọ̀tí ara tó ń bá ìtọ̀ jáde, ti ń ṣù jọ nígbà tí omi bá wọ́n lára.

Kí báíkábọ́nétì tó lè wọlé, sẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ti ásíìdì síta sínú ọ̀pá láti lọ pàdé rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà tó ń gba sódíọ̀mù, èròjà inú iyọ̀, wọlé ló sì ń ti ásíìdì náà jáde. Ìwádìí lórí ọ̀pá kíndìnrín eku fi hàn pé bí omi tó yí apá tó nípọn yìí ká bá túbọ̀ níyọ̀, tí ó sì ń fa omi kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì bí iyọ̀ ṣe ń fa omi ara ẹ̀fọ́ tútù, iṣẹ́ ẹnu ọ̀nà náà á dín kù, báíkábọ́nétì tó ń padà á sì dín. Bí iyọ̀ bá dín, tí omi náà ṣàn, báíkábọ́nétì tó ń padà á pọ̀ sí i.

Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ pé kò ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀, nítorí apá ìgbẹ̀yìn ọ̀pá ṣì lè tún un ṣe, kí pH ẹ̀jẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n ásíìdì inú rẹ̀, má baà kúrò láàárín 7.35 sí 7.45. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti ń kùnà ni mò ń kìlọ̀ fún: kí ó má ṣe fi omi inú ọ̀rá rẹpẹtẹ fọ ásíìdì nígbà sààrì, kí ó má sì po kán-ún mu. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ iye báíkábọ́nétì, èyí tó sábà máa ń wà láàárín mílímóòlù 22 sí 26 nínú lítà kan (mmol/L). Bí ó bá lọ sílẹ̀ jù, dókítà ni yóò sọ bóyá oògùn yẹ, àti ìwọ̀n rẹ̀.