Fóltì Nìkan Kò Tó: Bí Ẹ Ṣe Lè Dán Pánẹ́ẹ̀lì Sólà Wò Kí Ẹ Tó Sanwó

Fóltì ni ontajà sábà máa ń fi han oníbàárà, ní Alaba àti ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù sólà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Á gbé pánẹ́ẹ̀lì síta, á ki ẹnu mítà bọ wáyà rẹ̀ méjèèjì, mítà á kọ 49. "Ẹ wò ó, ojúlówó ni." Oníbàárà á mi orí, á ka owó sílẹ̀. Iṣẹ́ títo sólà ni mò ń ṣe, ó sì máa ń dùn mí tí mo bá débi iṣẹ́ tí mo rí i pé ohun tí wọ́n fi ta ọjà fún ẹni tó tiraka kó owó jọ kò ju 49 yẹn lọ.

Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan tó wà lábẹ́ gíláàsì máa ń mú nǹkan bíi 0.6 sí 0.7 fóltì wá. Tí wọ́n bá so 72 tẹ̀lé ara wọn, fóltì á sún mọ́ 49, ìbáà jẹ́ oòrùn ọ̀sán, ìbáà jẹ́ ojú ọjọ́ tó ṣú díẹ̀. Pánẹ́ẹ̀lì tó ti gbó pàápàá lè kọ ọ́. Ẹ fi tánkì omi tí wọ́n gbé sórí òpó wò ó: gíga rẹ̀ ló ń ti omi wálẹ̀, àmọ́ gíga yẹn kò lè sọ fún yín iye garawa tí ẹ̀rọ omi yóò kún ní wákàtí kan. Áńpíà ló ń sọ bí iná ṣe ń ṣàn tó, fóltì àti áńpíà tí ẹ bá sọ di púpọ̀ ló ń di wáàtì tí ẹ ń sanwó fún.

Kí mítà tó jáde rárá, ẹ mú téèpù ìwọnlẹ̀ dání. Oòrùn tí wọ́n fi ń dá wáàtì pánẹ́ẹ̀lì lé ní ilé iṣẹ́ jẹ́ 1000 wáàtì lórí ilẹ̀ tí òòró àti ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan. Nǹkan bí ìdá 20 sí 23 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni pánẹ́ẹ̀lì tó dára lóde òní ń sọ di iná. Ìdí nìyẹn tí pánẹ́ẹ̀lì 550 wáàtì fi sábà máa ń gùn tó 228 sẹ̀ǹtímítà, tó sì fẹ̀ tó 113. Bí ẹnikẹ́ni bá lẹ "400 wáàtì" mọ́ ẹ̀yìn pánẹ́ẹ̀lì tó gùn ní 150, tí ìbú rẹ̀ kò pé 70, irọ́ ni. Kò sí pánẹ́ẹ̀lì tó mọ bẹ́ẹ̀ lọ́jà tó lè fi púpọ̀ kọjá ìlàjì 400 yẹn. Téèpù yìí kò gbowó lórí, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ gbèsè.

Lẹ́yìn téèpù ni áńpíà. Lórí sítíkà ẹ̀yìn, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Isc sí, ìyẹn áńpíà tó ń ṣàn tí wọ́n bá so ẹnu wáyà méjèèjì pọ̀. Ti pánẹ́ẹ̀lì 550 wáàtì sábà máa ń wà ní nǹkan bíi 14. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ kọjú pánẹ́ẹ̀lì sí oòrùn ọ̀sán níbi tí òjìji kankan kò sí, kó so ẹnu wáyà méjèèjì pọ̀, kó fi mítà tó ń gbá wáyà mú láti ìta, irú èyí tó ń ka iná DC (irú iná tí pánẹ́ẹ̀lì àti bátìrì ń mú wá), ka áńpíà rẹ̀. Mítà kékeré tí ọ̀pọ̀ ń gbé kiri kò gbà ju 10 áńpíà lọ, fíùsì rẹ̀ á jó. Pánẹ́ẹ̀lì nìkan ni ẹ lè so báyìí o. Ẹ má dán an wò lára bátìrì láé, iná ni yóò sọ. Tí ẹ bá sì fẹ́ tú wáyà náà, ẹ kọ́kọ́ da ojú pánẹ́ẹ̀lì délẹ̀ tàbí kí ẹ fi aṣọ tó nípọn bò ó, nítorí iná DC kì í sinmi láàárín bíi ti Nẹ́pà. Tí ẹ bá fà á ya nígbà tó ń ṣàn, ó lè tanná ràn láàárín ẹnu wáyà kó sì jó yín lọ́wọ́.

Áńpíà ń tẹ̀lé oòrùn. Bí oòrùn bá jẹ́ 700 wáàtì dípò 1000 ti ilé iṣẹ́, áńpíà 14 á di nǹkan bíi 9.8, kò sì sí àbùkù níbẹ̀. Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ á ní ẹ̀rọ tó ń wọn oòrùn. Bí kò bá sí, ẹ gbé pánẹ́ẹ̀lì mìíràn tí ẹ mọ̀ pé ó dára, tó jẹ́ irú kan náà, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ ka méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà ọyẹ́, tí eruku bo ojú ọ̀run, ọ̀nà yìí ni mo gbọ́kàn lé jù.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tìtorí ooru pe ontajà ní olè. Ìwọ̀n 25 dígírì ni sẹ́ẹ̀lì wà nígbà tí wọ́n ń kọ 550 sí i. Lórí páànù ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta lọ́sàn-án, ó lè gbóná dé 60. Pánẹ́ẹ̀lì máa ń pàdánù nǹkan bí ìdá 0.35 nínú ọgọ́rùn-ún fún dígírì kọ̀ọ̀kan, nítorí náà 550 yẹn á sún mọ́ 480. Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín páànù àti pánẹ́ẹ̀lì kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ kọjá.

Gbogbo èyí ń sọ agbára tí pánẹ́ẹ̀lì ní lónìí. Ìbéèrè bóyá yóò pẹ́ láyé yàtọ̀, ilé ìdánwò ló sì lè dáhùn rẹ̀. Ní 1975 ni JPL, ilé ìwádìí NASA ní Kalifọ́níà, bẹ̀rẹ̀ sí í ra pánẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é, tí wọ́n ń fìyà jẹ ẹ́ láti mọ ibi tí yóò ti kọ́kọ́ bàjẹ́. Ara ohun tí wọ́n rí kọ́ níbẹ̀ ló wọ inú ìlànà àgbáyé IEC 61215, tó kọ́kọ́ jáde ní 1993. Wọ́n á gbé pánẹ́ẹ̀lì láti òtútù 40 dígírì nísàlẹ̀ òdo lọ sí ooru 85, nígbà 200. Wọ́n á tì í mọ́ inú ooru 85 dígírì àti ọ̀rinrin fún 1000 wákàtí. Wọ́n á sọ yìnyín lù ú ní eré tó lé ní 80 kìlómítà ní wákàtí. IEC 61730 ni ti ààbò. Ẹ̀yin tó ń gbé ní ẹ̀bá òkun, ní Lẹ́kkí tàbí Badagry, ẹ béèrè fún IEC 61701 tó jẹ́ ti iyọ̀ inú afẹ́fẹ́.

Àmọ́ ẹ mọ ohun tí ìwé ẹ̀rí náà kò sọ. Ìwọ̀nba pánẹ́ẹ̀lì díẹ̀ ni wọ́n dán wò, kì í ṣe èyí tó wà níwájú yín. Ní Lugano, ní Switzerland, wọ́n to àwọn pánẹ́ẹ̀lì kan sórí òrùlé ní 1982, ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ọdún 35. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n rí i pé ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe wọ́n, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, síbẹ̀ wọn kò gbó bákan náà, torí pé ohun tí wọ́n fi lẹ sẹ́ẹ̀lì mọ́ gíláàsì yàtọ̀ síra. Lójú tèmi, ẹ̀kọ́ yẹn ṣe pàtàkì ju ìwé ẹ̀rí mẹ́wàá lọ.

Ìyà mìíràn wà tí ọwọ́ wa fúnra wa ń fi jẹ pánẹ́ẹ̀lì. Sẹ́ẹ̀lì tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an, ó máa ń sán láìjẹ́ pé gíláàsì fọ́, ojú kò sì lè rí i. Ní ilé ìdánwò, wọ́n á ti iná wọ inú pánẹ́ẹ̀lì nínú òkùnkùn, á tàn ní ìmọ́lẹ̀ tí kámẹ́rà pàtàkì nìkan lè rí, ibi tó sán tí iná kò dé mọ́ á sì dúdú. Láìsí kámẹ́rà yẹn, ẹ dènà rẹ̀: kí èèyàn méjì gbé e ní ìdúró, kí wọ́n di férémù mú, ẹ má jẹ́ kí wọ́n rù ú lórí. Oníṣẹ́ tó bá gun ojú pánẹ́ẹ̀lì láti dé ibi tó ń lọ, ẹ dá a dúró lójú ẹsẹ̀.

Lára tòkunbọ̀, ẹ wo bí ojú rẹ̀ ṣe pọ́n sí, ìléròrò létí sẹ́ẹ̀lì, ojú iná lára àpótí kékeré ẹ̀yìn. Ẹ fi ìka nu ẹ̀yìn rẹ̀; bí ìyẹ̀fun funfun bá lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, aṣọ ẹ̀yìn ti ń jẹrà. Níbí ni fóltì ti wúlò gan-an: pánẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó kọ 49 tó wá kọ 33, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú dáyọ́ọ̀dù mẹ́ta inú àpótí yẹn (ẹ̀yà kékeré tó ń darí iná) ti jó, ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan ti lọ nìyẹn.

Kí ẹ tó gba rìsíìtì, ẹ fi nọ́ńbà tó wà lábẹ́ gíláàsì wé ti sítíkà ẹ̀yìn. Sítíkà ẹ̀yìn ṣeé ṣí, kí wọ́n tẹ òmíràn lé e. Ti abẹ́ gíláàsì kò ṣeé yí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ nọ́ńbà náà sínú rìsíìtì, pẹ̀lú áńpíà tí ẹ kà, ọjọ́, àti bí oòrùn ṣe mú tó. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ nu eruku kúrò, kí ẹ tún un kà ní irú oòrùn kan náà. Bí ohun tó dín kù bá jẹ́ ìdá kan tàbí méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún àkọ́kọ́, kò burú. Bó bá tó ìdá mẹ́wàá, ẹ mú rìsíìtì yẹn padà lọ bá ẹni tó ta á fún yín.